Ta Ló Ń Bá Wọn Sọ Ẹrù Náà Kalẹ̀?

Ní ọdún 1907, ìjọba amúnisìn kó èèyàn 14 tí orí wọn dàrú lọ sí ilé kan ní Yaba, ní Èkó: ọkùnrin 8, obìnrin 6. Àwọn ará rélùwéè ló ti ń lo ilé náà tẹ́lẹ̀. Bí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yaba títí dòní ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní ilé àwọn wèrè. Bí a bá ń sọ ìtàn ibẹ̀, àwọn 14 yìí la máa ń kà. Èmi fẹ́ kí a ka àwọn kan mọ́ wọn: àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tó ń tì í lálẹ́, tó ń gbé oúnjẹ wọlé, tó ń kó ẹ̀gbin jáde, tó ń sùn bí ẹni tí kò sùn nítorí pé ẹnì kan lè pariwo nígbàkígbà. Àwọn náà ní ọpọlọ. Àwọn náà ní ọkàn tó lè rẹ̀.

Nínú àròkọ yìí, ìtàn irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, láti Yaba dé Aro ní Abẹ́òkúta, títí dé Àkúrẹ́ tí mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ ilé wa ló tì mí dé ìdí rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí èmi àti ẹgbẹ́ mi yóò fi kọ ìdánwò JAMB, mo sì ti sọ fún àwọn òbí mi pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù mí, pàápàá ti ilé ìwòsàn ọpọlọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ rọ̀, pé ọkàn tó le bí òkúta ni wọ́n fi ń ṣe é, àti pé ẹni tó bá ń bá wèrè gbé yóò pín nínú wèrè náà. Mo rò ó títí. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn líle ni àṣírí iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí ìtàn fi hàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mo lọ wo ìtàn.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa ti ń tọ́jú wèrè. Ilé oníṣègùn ni wọ́n ń mú aláìsàn lọ. Wọ́n ń fún un ní àgbo asọ́féyẹjẹ láti mú ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n ń pe ọfọ̀, wọ́n ń rúbọ. N kò ní bo ìyókù mọ́lẹ̀: wọ́n ń kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń na àwọn kan. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Canada tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, lọ bá irú àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀, ó sì kọ nípa iṣẹ́ wọn. Ohun tó gba àfiyèsí mi jù ni pé oníṣègùn kì í dá ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn ọmọṣẹ́, ó ní ìyàwó àti ọmọ nínú agbo ilé, ẹbí aláìsàn sì máa ń wà nítòsí. Bí ẹnì kan bá ṣọ́ aláìsàn lóru, ẹlòmíràn wà tó lè ṣọ́ ọ lọ́sàn-án.

Ti Yaba yàtọ̀. Ní ọdún 1916, ìjọba ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn wèrè. Òfin yẹn fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé bí dókítà bá ti jẹ́rìí sí i pé orí rẹ̀ dàrú. Dókítà tí mo wí yìí kì í ṣe dókítà ọpọlọ o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà ọpọlọ kankan ní Yaba. Dókítà ìjọba tó ń tọ́jú ibà àti ọgbẹ́ níbòmíràn ló ń yọjú síbẹ̀. Àwọn tó wà pẹ̀lú aláìsàn tọ̀sán-tòru ni àwọn ẹ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ wọn fara jọ ti wọ́dà ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Oògùn tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí. Chlorpromazine, tó jẹ́ aṣáájú àwọn oògùn tí wọ́n ń lò fún irú àìsàn yìí, ọdún 1952 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú aláìsàn. Kí wá ni ẹ̀ṣọ́ ọdún 1920 ní lọ́wọ́? Kọ́kọ́rọ́, ohùn ẹnu rẹ̀, àti apá rẹ̀ méjèèjì.

Èrò sì ń pọ̀. Ní ọdún 1928, dókítà kan tó ń jẹ́ Bruce Home kọ ìròyìn nípa ipò tí àwọn ilé wọ̀nyí wà ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1938, ìròyìn Robert Cunyngham Brown jáde, kò sì yin ohun tó rí. Àyè kò gba àwọn aláìsàn ní Yaba àti ní Calabar, débi pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ìyẹn ni pé wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n, tó gba iṣẹ́ láti máa ṣọ́ olè, ló di olùtọ́jú ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ta ló kọ́ ọ? Bí aláìsàn bá gbá a létí, ṣé kó gbá a padà ni? Bí aláìsàn bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò lọ sọ fún? Ẹni tó bá dá wà pẹ̀lú irú ìbéèrè wọ̀nyí lóru yóò wá ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà tó sì sábà máa ń rí ni pàṣán àti ẹ̀wọ̀n. Èmi kò fi ìyẹn dá ìwà ìkà láre. Ohun tí mo ń wí ni pé ọkàn àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn le dáadáa, bí a bá fẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí aláìsàn tí ọkàn líle náà wò sàn.

Nígbà tó di ọdún 1944, tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣí ilé mìíràn sí Lantoro ní Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wa tí orí wọn dàrú lójú ogun wà lára àwọn tí wọ́n torí wọn ṣí i. Ẹni tó lọ jà fún ọba òyìnbó padà wálé, inú ilé ẹ̀wọ̀n ló bá ara rẹ̀. Ibi tí ìtàn yìí burú sí nìyẹn kó tó di pé ó yí padà.

Ẹni tó yí i padà ni Thomas Adéoyè Lambo. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School, ó sì kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó kọ́ ti ọpọlọ. Ní 1954, ó dé Aro, níbi tí ìjọba ti ń kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ tuntun. Ilé náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kó máa retí bíríkìlà. Lambo kò retí. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi aláìsàn wọ̀ sílé wọn.

Bí ètò náà ṣe rí rèé. Bí aláìsàn bá ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ dání: ìyá, àbúrò, ìyàwó tàbí ọkọ. Àwọn méjèèjì yóò háyà yàrá ní abúlé. Láàárọ̀, ẹbí yóò mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn láti gba oògùn àti ìtọ́jú, wọn yóò sì padà sí abúlé. Lọ́sàn-án, ẹni tó bá lè ro oko yóò ro oko, ẹni tó bá lè hun nǹkan yóò hun ún. Ẹbí ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọṣọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ káàkiri abúlé láti wo bí ara ṣe ń yá sí. Ilé ìwòsàn náà kò jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ará abúlé ṣófo: wọ́n rówó háyà ilé gbà, wọ́n yá wọn lówó láti fi tún ilé ṣe, wọ́n sì bá wọn ṣètò omi àti ilé ìgbẹ́, wọ́n bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, àwọn tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn kò jẹ́ bá jókòó.

Àwọn olùkọ́ ìtàn máa ń yin ètò yìí nítorí ohun tó ṣe fún aláìsàn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1961, àwọn dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí ìtọ́jú ọpọlọ, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ wo ìhà tí wọn kì í sábà wò. Kí ni ètò abúlé yẹn ṣe fún nọ́ọ̀sì?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ka iṣẹ́ tó wà lára aláìsàn kan ṣoṣo lóòjọ́. A ó jí i. A ó bẹ̀ ẹ́ kó wẹ̀. A ó tún bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. A ó fọ aṣọ tó bà jẹ́ lóru. A ó tẹ̀ lé e kiri kó má baà ṣìnà. A ó gbọ́ ìtàn kan náà tó ti sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, a ó sì ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. A ó jókòó tì í bí oorun kò bá kùn ún. Nínú wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, nọ́ọ̀sì ló ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe fún ẹnì kan. Ní Aro ìgbà Lambo, ìyá aláìsàn ló ń sè, àbúrò rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e kiri, bàbá onílé ló ń bá a sọ̀rọ̀ oko nírọ̀lẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù fún nọ́ọ̀sì ni èyí tó lọ ilé ẹ̀kọ́ kọ́: láti fúnni lóògùn, láti ṣàkíyèsí, láti gbani nímọ̀ràn. Wọ́n bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ẹni tó bá ti ru agbọ̀n iṣu bọ̀ láti oko mọ ohun tí mò ń wí. Kì í ṣe ọrùn líle ló ń gba èèyàn là lẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹni tí yóò na ọwọ́ sí i ni. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, kò sì gbé e sọ̀ dáadáa.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nínú wọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, ojú àìsàn nìkan ni òṣìṣẹ́ ń rí. Bí ara ẹni náà bá yá, ó lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn tí tirẹ̀ ń gbóná ni wọn yóò gbé wọlé rọ́pò rẹ̀. Ní abúlé, nọ́ọ̀sì ń rí ọkùnrin tó ń já aṣọ ya lóṣù tó kọjá tó ń ro oko ilá báyìí, tó sì ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Owó oṣù kò lè ra irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé òun náà wà lára ohun tó ń mú èèyàn dìde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Olùkọ́ wa tó ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ àròkọ yìí bi mí pé: ẹrù tí nọ́ọ̀sì sọ̀ yẹn, ta ló gbé e? Ìbéèrè gidi ni. Ẹbí ló gbé e, mo sì fura pé ìyá àti ìyàwó ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa nìyẹn. Ìyá tó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà láti wá jókòó ti ọmọ ní Aro fún oṣù bíi mélòó kan, ta ló ń bá a ta ọjà? Nítorí náà, n kò ní sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Síbẹ̀, ìyá náà kò dá nìkan wà. Ìyá mìíràn ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ọmọ tirẹ̀ náà ń ṣàìsàn, wọ́n lè yá ara wọn ní iyọ̀, kí wọ́n sì bá ara wọn sunkún.

Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ ní Aro, ayé kò tíì ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe òṣìṣẹ́. Ọdún 1974 ni Herbert Freudenberger, ọmọ Jámánì tó di ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti sọ dìdàkudà ní New York. Ó rí i pé àwọn tó fi ìtara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà jù ni wọ́n tètè ń dà bí àtùpà tí epo inú rẹ̀ ti jó tán. Wọn kò ṣàìsàn, wọn kò sì yá. Wọ́n ń bínú sí ẹni tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́. Ní 1981, Christina Maslach àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé ìbéèrè jáde tí wọ́n fi ń wọn nǹkan yìí: bóyá ó ti rẹ èèyàn tẹnutẹnu, bóyá aláìsàn ti ń dà bí ẹrù lójú rẹ̀ dípò èèyàn, bóyá ó ti ń rò pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di 2019, WHO fi í sínú ìwé tí wọ́n ń to orúkọ àìsàn sí, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe àìsàn. Wọ́n ní ìdààmú ibi iṣẹ́ tó pẹ́, tí wọn kò wá nǹkan ṣe sí, ló ń bí i.

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n wí, wọn kò wí ọkàn. Àwa Yorùbá ní àwọn ọ̀rọ̀ tó dára fún ẹni tí ìṣòro kò wó lulẹ̀: ìfaradà, àmúmọ́ra, ìpamọ́ra. Ẹ wò ó, ara ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn. Fi ara dà á. Mú un mọ́ra. Pa á mọ́ra. A kì í sábà béèrè iye èèyàn tó yẹ kí ó fara dà á pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ayé ìsinsìnyí. Òfin wèrè ti ọdún 1916 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún ṣe ní 1958, òun ló ṣì wà nílẹ̀ títí di oṣù kìíní 2023 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ó lé ní 100 ọdún. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà sì ti sọ ọ́ léraléra pé àwọn kò tó 300 ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ẹ pín in. Dókítà kan yóò gba ohun tó ju 600,000 èèyàn lọ. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ àti ti Àríwá Àkúrẹ́ lápapọ̀ kò pé 500,000. Gbogbo Àkúrẹ́ ìgbà yẹn, láti Ọjà Ọba dé Ọ̀bà-Ilé, kò tíì tó iye tó kan dókítà kan ṣoṣo.

Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ sí òkè òkun. Ní oṣù kejì 2024, nígbà tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìlànà tuntun jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nílé kí àjọ náà tó jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, àwọn nọ́ọ̀sì tú síta láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn àgbà àdúgbò wa bú wọn pé wọn kò nífẹ̀ẹ́ ìlú wọn. Èmi kò lè bú wọn. Ẹni tó bá jápa ti sọ ẹrù tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹni tó kù ló sọ ọ́ lé.

Ní Ijapo Estate, ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwa, nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan ń gbé. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè wọ́n. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, nítorí pé ó ju ẹyọ kan lọ. Mo lọ bá wọn nílé ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Jókòó, bá mi ṣa á."

Mo jókòó. Mo bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni pé ọkàn líle ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀rín pa wọ́n títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kò ní lọ sunkún ní ilé ìtọ̀."

"Kí ló wá yí padà, mà? Ṣé ọkàn yín le sí i ni?"

"Kò le sí i. Mo rí ẹnìkejì ni."

Ẹnìkejì náà ni nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ òru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn kì í lọ sílé tààrà. Ìyá kan ń din àkàrà lẹ́bàá gèéètì ilé ìwòsàn. Wọn yóò ra àkàrà àti ẹ̀kọ, wọn yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá náà, wọn yóò wá máa rò ó. Wọn kì í dárúkọ aláìsàn, kí ìyá alákàrà má baà gbọ́. "A ó sọ ohun tí ojú wa rí," ni wọ́n wí, "a ó bú ẹni tó yẹ ká bú, a ó rẹ́rìn-ín, a ó wá wọ mọ́tò. Bí mo bá dé ilé, mo ti di ìyá àwọn ọmọ mi padà."

Wọ́n sọ fún mi nípa òru kan tí aláìsàn kan fi ife onírin gbá wọn lójú. Ojú náà wú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún wọn láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. Fọ́ọ̀mù náà béèrè bóyá fèrèsé fọ́, bóyá bẹ́ẹ̀dì ṣẹ́, bóyá ohun èlò kankan sọnù. "Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Kò síbi tí mo lè kọ ojú mi sí." Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí oògùn ti ṣiṣẹ́ lára aláìsàn náà, ó wá bá wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́ ohun tí òun ṣe. Yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ wọn, òun nìkan ló béèrè bóyá ó ṣì ń dùn wọ́n.

Mo bi wọ́n ohun tí àwọn èèyàn ìta ń wí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àkúrẹ́, onílé kan gba owó lọ́wọ́ wọn, ó tún dá a padà nígbà tó gbọ́ irú nọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ ẹni tí yóò máa gbé wèrè wọ ilé òun. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí ohun tí ìyá mi sọ, ojú sì tì mí díẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì kò bínú o. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì rí i kí wèrè san kò lè mọ̀ pé ó ń san.

Ọ̀rẹ́ wọn lọ sí England ní 2022. Ẹnikẹ́ni kò gba ipò rẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá wọn, ó ti di méjì, ẹnìkejì sì jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ tó máa ń wariri bí ẹnì kan bá gbé ohùn sókè. "Òun ló ń lọ sunkún ní ilé ìtọ̀ báyìí," ni wọ́n wí. "Mo máa ń mú un lọ sí ìdí àkàrà. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú un lọ, tèmi ńkọ́? N kò lè sọ tèmi fún un, ẹ̀rù á bà á."

Mo ti máa ń rí mọ́tò wọn lẹ́nu gèéètì wọn láàárọ̀ bí mo bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n á ti pa iná rẹ̀, àwọn fúnra wọn á sì wà nínú rẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ àwọn tó wà ní England ló máa ń pè ní àkókò yẹn, nítorí pé òun náà ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn ọpọlọ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà yóò ní, "Rò fún mi," wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò, òun náà yóò wá ro tirẹ̀. Ó máa ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà míì dátà máa ń tán láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ nínú mọ́tò títí ọmọ wọn yóò fi wá kan gíláàsì pé ọwọ́ agogo ti lọ, òun ti ń pẹ́ sílé ẹ̀kọ́.